Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ń tan iná, fáànù ń yí, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò mọ́lẹ̀

Ọmọ Ọ̀wẹ́ (Kàbbà):
Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Láptọ́ọ̀pù kan ló ń yọ mí lẹ́nu: CPU (ọpọlọ) rẹ̀ jẹ́ Core i5 ìran kejì, rámù (ibi ìrántí ìgbà díẹ̀) 4GB méjì, bátìrì rẹ̀ ṣeé yọ lábẹ́. Inú báàgì ló wà láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò fi dé. Tí mo bá tẹ bọ́tìnnì báyìí, iná rẹ̀ á tàn, fáànù á yí, Caps Lock á máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn biribiri. Kò tiẹ̀ gbé lógò jáde. Ẹnì kan tó ń tún un ṣe ní mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà inú rẹ̀ so mọ́) ló kú, kí n lọ ra òmíràn. Kí ló yẹ kí n yẹ̀ wò kí n tó náwó?

Oní-Mítà (Ìsánlú):
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Èyí tó ń ṣẹ́jú ò tíì kú, ó ń sọ ibi tó ń dùn ún ni. Ẹ ka iye ìgbà tí Caps Lock ṣẹ́jú kó tó sinmi. Bó bá jẹ́ HP ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀kan ń tọ́ka sí CPU, ẹ̀ẹ̀mejì sí BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé), ẹ̀ẹ̀mẹta sí rámù, ẹ̀ẹ̀mẹrin sí apá tó ń gbé àwòrán jáde, ẹ̀ẹ̀marùn-ún sí mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Àwọn tó kù ní àmì tiwọn, ẹ wá ìwé ìtọ́nisọ́nà irú tiyín.

Kó tó di pé ẹ tú u: yọ ṣájà, yọ bátìrì, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Iná tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ á gbẹ, nítorí nígbà mìíràn òun ló máa ń há ẹ̀rọ tó ń pín iná mọ́ ojú kan. Lẹ́yìn náà, ṣájà nìkan ni kí ẹ kì bọ̀ ọ́, láìsí bátìrì, kí ẹ wá tàn án.

Bí kò bá yí padà, rámù ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì fura sí jù. Eruku ọyẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé, ọ̀rinrin òjò wá bá a níbẹ̀, ojú wúrà ẹsẹ̀ rámù á ní èèpá tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ẹ tún yọ ṣájà, kí ẹ fọwọ́ kan irin kan kí iná ara yín lè lọ. Ẹ ti ìkọ́ méjèèjì tó di rámù mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á dìde fúnra rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́ ra ojú wúrà náà lọ́wọ́ méjèèjì títí á fi dán, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá ìdọ̀tí rẹ̀ kúrò. Ẹ má lo yanrìn, yóò họ wúrà náà dànù.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ dá padà. Ẹ fi í wọlé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, ẹ tì í títí wúrà rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé tán, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ìkọ́ dún. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tì í dé ìdí, wọ́n á wá sọ pé rámù ti jóná. Ẹ dán ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò nínú ihò kọ̀ọ̀kan: méjì lọ́nà méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Láwọn kan, ihò kan wà lábẹ́ kíbọ́ọ̀dù.

Tọ́ọ̀ṣì:
Ẹ tún tan tọ́ọ̀ṣì sójú rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, iná ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ló kú. Ẹ lè so mọ́nítọ̀ mọ́ ihò VGA kó lè dáa lójú yín. Ṣájà náà ńkọ́? Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná yẹ kó ka nǹkan bí 19V. Àmọ́ mítà nìkan ò tó, torí ṣájà tó ti rẹ̀ á ka 19V nígbà tí kò gbé nǹkan kan, á wá wálẹ̀ bí ẹrù bá dé.

Ẹni bá ní òun fẹ́ fi iná gbígbóná yan ṣíípù àwòrán, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í pẹ́ tó fi ń padà sí bó ṣe wà.

Ọmọ Ọ̀wẹ́ (Kàbbà):
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń ṣẹ́jú. Mo fi rọ́bà ra ojú wúrà rámù méjèèjì: ọ̀kan ṣiṣẹ́ nínú ihò méjèèjì, èkejì ò ṣiṣẹ́ níbì kankan. Lógò ti jáde o! Ṣùgbọ́n Windows 7 ò wọlé, ojú rẹ̀ ń di búlúù pẹ̀lú 0x0000007B, ọjọ́ tó sì wà nínú BIOS jẹ́ January 2011. Ṣé háàdì díìsìkì náà ti lọ ni?

Oní-Mítà (Ìsánlú):
Ó ṣeé ṣe kó má tíì lọ. Ọjọ́ yẹn ló tú àṣírí: bátìrì kékeré inú rẹ̀ ti tán, èyí tó ń bá BIOS rántí ètò. CR2032 ni lọ́pọ̀ ìgbà, 3V. Bí mítà bá ka 2.7V tàbí kó dín, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó ní wáyà méjì, ẹ ra oníwáyà bẹ́ẹ̀, ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì (irin yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà) mọ́ ojú bátìrì lásán.

Nígbà tí BIOS gbàgbé, ó padà sí ètò ilé-iṣẹ́, ó sì lè yí ọ̀nà tó fi ń bá díìsìkì sọ̀rọ̀; AHCI àti IDE ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ méjì. Windows tí wọ́n fi AHCI gbé sórí rẹ̀ ò ní rí díìsìkì bí BIOS bá ti padà sí IDE, bẹ́ẹ̀ náà ni òdìkejì rẹ̀. Òun ni 7B yẹn. Ẹ wọ BIOS (F10 lórí HP, F2 lórí Dell àti Acer, F1 lórí ThinkPad), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ SATA mode sí, ẹ yí i sí èkejì, kí ẹ fi F10 pa á mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gbé Windows tuntun sórí rẹ̀ kí ẹ tó ṣe èyí. Ẹ tún ọjọ́ ṣe pẹ̀lú, torí bí ọjọ́ bá ti ṣì, àwọn ojú òpó kì í ṣí.

Tọ́ọ̀ṣì:
Bó bá wọlé, fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí ibòmíràn. Rámù tí ẹ fẹ́ fi rọ́pò, DDR3 fún láptọ́ọ̀pù ni, kì í ṣe ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Bí ẹ bá rí DDR3L (irú DDR3 tó lè lo iná tó kéré) ní Lọ́kọ́jà, ẹ rà á, á ṣiṣẹ́ nínú tiyín. DDR4 ò ní wọlé, àlàfo rẹ̀ ò sí lójú kan náà, ẹ má fi agídí tì í.