SROI wa gbé 8 sí 1 jáde: ṣé sọ́fítíwíà olówó ló kù ká rà?

Akọ̀wé Ètò
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àjọ kan ń kọ́ èèyàn 100 níṣẹ́ ọwọ́ lọ́dún. 40 nínú wọn ń rí iṣẹ́. Àwọn tó ń dáwó fẹ́ mọ SROI rẹ̀, ìyẹn iye àǹfààní tí owó tí wọ́n ná mú wá fún àwùjọ, lórí owó kọ̀ọ̀kan. A díwọ̀n àǹfààní ẹnì kan sí 1,000 lọ́dún, a kà á fún ọdún 3. Owó tí wọ́n ná jẹ́ 15,000. Èsì tí Excel gbé jáde, 8 sí 1, ń kọ wá lóminú. Ṣé ká wá sọ́fítíwíà tó dáa jù ú lọ ni?

Oníṣirò
Excel ò ṣẹ̀ yín. Èèyàn 40 lọ́nà 1,000 ni 40,000 lọ́dún; ọ̀nà 3 rẹ̀ ni 120,000. Ẹ fi 15,000 pín in, 8 náà nìyẹn. Ẹ ò tíì yọ nǹkan kan kúrò ni.

Ẹ lo Value Map, fáìlì Excel ọ̀fẹ́ ti Social Value International. Deadweight ni èyí tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí àjọ náà ò tilẹ̀ sí. Ká ní ó jẹ́ ìdá 30 nínú 100. Attribution ni ipa tí àwọn ẹlòmíràn kó níbẹ̀, 20. Displacement ni iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí àwọn tí ẹ kọ́, 10. Ẹ má ro ó pọ̀ kí ẹ yọ 60 lẹ́ẹ̀kan náà o! Ara èyí tó ṣẹ́kù ni à ń ti yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan: 40,000 × 0.7 × 0.8 × 0.9 = 20,160.

Drop-off ni bí àǹfààní náà ṣe ń dín kù lọ́dọọdún. Bó bá jẹ́ 25, ọdún kejì á jẹ́ 15,120, ọdún kẹta 11,340. Ẹ wá lo NPV, ìlànà ìṣirò kan nínú Excel, láti mọ iye tí wọ́n tó lónìí. Ìdá 3.5 nínú 100 ni wọ́n ń lò ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa fún yín ní 43,821, ìyẹn 2.92 sí 1. Ẹ má kó 15,000 yẹn sínú NPV, torí Excel á kà á bíi pé òpin ọdún kìíní ni wọ́n ná an.

Onídátà
2.92 náà ṣì ga. Ṣé ẹ ka wákàtí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó, àti ilé tí wọ́n ń lò láìsan owó? Bí ìyẹn bá tó 5,000, 20,000 ni ẹ máa fi pín in: 2.19.

Èyí tó ṣòro jù ni ibi tí ìdá 30 yẹn ti wá. Ẹ fi KoboToolbox, irinṣẹ́ tí a fi ń gba ìdáhùn àwọn èèyàn sílẹ̀, béèrè ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, lọ́jọ́ tí wọ́n parí, àti lẹ́yìn oṣù 6. Kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń gba èsì. Ẹ fún oníkálukú ní nọ́ńbà kan, torí bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ kì í bára mu. Ẹni tó mọ oore lè dáhùn láti tẹ́ yín lọ́rùn, nítorí náà ẹ fi èsì wọn wé ti àwọn tí kò sí nínú ètò náà. Ẹni tí ẹ ò rí mọ́ lóṣù kẹfà, ẹ má gbà pé ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Akọ̀wé Ètò
Ẹ ṣeun gan-an. Ìgbà wo wá ni sọ́fítíwíà olówó wúlò?

Oníṣirò
Bí ètò bá pọ̀, tí ọwọ́ púpọ̀ ń wọ fáìlì kan náà, tí ẹ sì nílò àkọsílẹ̀ ẹni tó yí nọ́ńbà padà. Fún ètò kan ṣoṣo, ẹ tọ́jú owó yín.

Ẹ ṣọ́ra fún iye tí àwọn ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀. UK Social Value Bank ti àjọ HACT jẹ́ àkójọ irú iye bẹ́ẹ̀; dátà ìgbé ayé àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe é. Ṣíṣẹ́ owó náà sí owó ilẹ̀ míì ò sọ ọ́ di ti ibẹ̀. Bákan náà, bí ẹ bá ka ìgboyà tí èèyàn ní, tí ẹ tún ka iṣẹ́ tí ìgboyà yẹn bá a rí, ẹ ti ka ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wá yí deadweight sí 50 kí ẹ wò ó: 2.19 á di 1.57. Ẹ kọ méjèèjì sínú ìròyìn, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi mú 30.