Èsì: “Arẹ̀” kọ́ lorúkọ sẹ́ẹ̀lì tí jẹjẹrẹ dè mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó fi àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n “sẹ́ẹ̀lì arẹ̀” tí ẹ pe sẹ́ẹ̀lì T (ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ funfun) tó ti bá jẹjẹrẹ jà títí tí kò lè jà mọ́, èyí tí òyìnbó ń pè ní “exhausted”, mi ò lè gbé e mì. Yorùbá kì í sọ pé “mo rẹ̀”, àfi àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London. “Ó rẹ̀ mí” là ń wí. Ẹ wá lọ fi “a-” olùṣe síwájú rẹ̀. Apẹja ló ń pa ẹja, ta ló ń pe ẹja ní apẹja? Arẹ̀ á jẹ́ ohun tó ń rẹ èèyàn, ìyẹn jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀! Ẹ má sì sọ fún mi pé a ń wí pé “ẹni tó rẹ̀”. “Ó” ibẹ̀ kì í ṣe ẹni náà, “ó” inú “ó rẹ̀ mí” náà ni.

Ẹlòmíì á ní òdòdó náà máa ń rẹ̀. Òdòdó tó bá rẹ̀ ti rẹ̀ dànù nìyẹn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí kò rẹ̀ dànù. Wọ́n wà nínú kókó jẹjẹrẹ, a sì ń rí wọn nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. PD-1, ìyẹn purotéènì kan tó wà lójú ara sẹ́ẹ̀lì, ló pọ̀ lára wọn, tí jẹjẹrẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi búréèkì. Yàrá ìwádìí Tasuku Honjo ní Kyoto, ní Japan, ló ṣàwárí PD-1 lọ́dún 1992, òun àti James Allison, tó ṣiṣẹ́ lórí búréèkì mìíràn, ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel ọdún 2018. Oògùn bíi pembrolizumab ń dí jẹjẹrẹ lọ́wọ́ kó má lè tẹ̀ ẹ́ mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣiṣẹ́ fún gbogbo aláìsàn. Tó bá jẹ́ àárẹ̀ lásán ni, oorun ì bá tó o.

“Àdèmọ́lẹ̀” ni mo dá lábàá fún sẹ́ẹ̀lì náà. “À-” olóhùn ìsàlẹ̀ ni ti ohun tí a ṣe nǹkan sí. Àdìrẹ ńkọ́? Ohun tí a dì, tí a sì rẹ láró. Ìyá mi àgbà ta àdìrẹ ní Ìtòkú títí ó fi darúgbó, kò ka ìwé kankan, kò sì fìgbà kan pe aláró ní àdìrẹ. Ẹ wá jẹ́ kí oògùn náà máa jẹ́ “atúdè”. “A-” wúlò níbẹ̀.

Àǹtí wa nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú mà. Ẹ kọ ọ́ pé tí jẹjẹrẹ bá ti tàn kálẹ̀, “ẹ̀jẹ̀ funfun á tán”. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń tán. Límfósáìtì (ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun tí sẹ́ẹ̀lì T wà lára rẹ̀) ló sábà máa ń dín kù, nítúrófíìlì (ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun mìíràn) á sì máa pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń fi iye límfósáìtì pín iye nítúrófíìlì: bí èsì bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ sábà máa ń le tó. (Nítúrófíìlì ọ̀pọ̀ àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kéré ju ti òyìnbó lọ láìṣàìsàn, ẹ má fi ìwọ̀n wọn dẹ́rù ba ara yín.)

Jẹjẹrẹ tún ń tú èròjà sẹ́jẹ̀ tó ń lé mùdùnmúdùn eegun léré, tíyẹn á fi máa tú àwọn ẹ̀jẹ̀ funfun tí kò tíì gbó jáde. Ẹnìkan pe ìwọ̀nyí ní “ẹ̀jẹ̀ ọlẹ”, kò fi àmì sí i, ẹ sì ti ń bá ara yín jà láti ìgbà náà: ṣé ọlẹ̀ inú oyún ni àbí ọ̀lẹ tí kì í ṣiṣẹ́? Ọlẹ̀ ni mo fara mọ́. Ọ̀lẹ máa ń jókòó jẹ́ẹ́ ni, àwọn yìí ń dí sẹ́ẹ̀lì T lọ́wọ́ iṣẹ́.

Ó ku Ọ̀gá wa tó ní “rẹ” ìparí jẹjẹrẹ àti “rẹ̀” inú àárẹ̀, ọ̀kan náà ni. Níbo ni ohùn ìsàlẹ̀ yẹn gbà lọ, sà? Pé ẹ ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi, mo gbà. Àmì ohùn ni mo béèrè.