«Àgbẹ̀wakùsà» kọ́: lórí ìtumọ̀ ìtàn ìdílé Hancock ti Eyam

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka ìtumọ̀ sí Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n wa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tán, ìtàn ìdílé Hancock tó ń dáko ní Riley, lẹ́bàá abúlé Eyam ní Derbyshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú làálàá. Fún ẹni tí kò tíì kà á: abúlé àwọn tó ń wa òjé ni Eyam. Ní 1665, àjàkálẹ̀ àrùn wọ ibẹ̀. Aṣọ kan tó ti London dé ọ̀dọ̀ télọ̀ ni wọ́n gbà pé ó gbé e wọlé. Kí 1666 tó parí, nǹkan bí ènìyàn 260 ti kú. Lóṣù August 1666, láàárín ọjọ́ kẹta sí ọjọ́ kẹwàá, Elizabeth Hancock sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà.

Èsì tó pọ̀ jù lọ dá lórí «àgbẹ̀wakùsà», tí ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀dá fún ẹni tó ń dáko tó tún ń wa kùsà. Ó dùn lẹ́nu, mi ò jiyàn. Àmọ́ ó dún bí orúkọ oyè. Lágbègbè Peak, ilẹ̀ olókè tí Eyam wà, nígbà yẹn, ẹni tó ní màlúù díẹ̀ àti ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò òjé nígbà tí iṣẹ́ oko bá dẹwọ́, tí koríko bá sì tó gé, á gòkè padà. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, kò di ẹ̀yà ènìyàn míì. Bàbá tó ń dáko tó tún ń ṣọdẹ wà ní gbogbo abúlé wa, kò sẹ́ni tó so orúkọ rẹ̀ pọ̀. Ẹ tiẹ̀ gbìyànjú ẹ̀ wò: àgbẹ̀, ọdẹ, ẹ so wọ́n pọ̀, ilé arọ́ lẹ máa já sí. «Àgbẹ̀ tó ń wa kùsà» tó. Àwọn Hancock fúnra wọn, oko ni ìtàn mọ̀ wọ́n mọ́, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní àgbẹ̀ ká sì sinmi.

Ibi tí mo fẹ́ ká dúró sí ni òkúta tí wọ́n ń wà gan-an. Ẹ̀gbọ́n kọ «òjé tí a kò tíì yọ́». Kò ṣì í, òjé la ń yọ́ jáde nínú ẹ̀, òjé kan náà tí àwọn ọlọ́bàtálá fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Ṣùgbọ́n òkúta náà ní orúkọ nílé wa. Sheffield ni mo ń gbé, Eyam ò jìnnà sí mi. Mo ra èyí tó tó àtàǹpàkò lọ́jà ẹrù àtijọ́ kan. Ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Bó ṣe já bọ́ lọ́wọ́ mi ló fọ́ sí wẹ́wẹ́ onígun mẹ́rin mẹ́rin, ojú kọ̀ọ̀kan ń dán bíi dígí. Mo gbé e sójú fóònù fún ìyá mi ní Ìbàdàn, mi ò tíì sọ nǹkan kan tí wọ́n fi ní, «Ṣebí tìróò nìyẹn? Ta ló ń lọ̀ ọ́ fún ẹ?» Tìróò ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí àwọn ará Eyam fi ẹ̀mí wọn wà lábẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń lé sójú. Mo dá a lábàá pé ká kọ «òkúta tìróò», kí òǹkàwé lè rí i.

Èyí ló jẹ́ kí n má fara mọ́ «àrùn màlúù» tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ belland, ọ̀rọ̀ àwọn awakùsà ibẹ̀. Kì í ṣe àrùn. Eruku òjé tó bà lé koríko létí kòtò ni màlúù ń jẹ mọ́ koríko, adìẹ náà ń ṣa á jẹ, wọ́n á sì kú. Ilẹ̀ náà gan-an ni wọ́n máa ń sọ pé ó ní belland. Àwọn kan gbin igi yí kòtò àtijọ́ ká kí ẹran má bàa dé ibẹ̀. «Oró òjé» ni mo fi sí i. Ọ̀rọ̀ náà á wúlò fún wa nílé: ní Zamfara ní 2010, òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wálé láti lọ̀, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú. Àwọn oníṣègùn náà sì ti ń kìlọ̀ nípa tìróò lójú ọmọ ọwọ́. (Ìyá mi ò gbà. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Àbúrò wa tó fèsì lọ́jọ́ Ajé ní ká lo «ìṣákọ́lẹ̀» fún lot, òjé tí awakùsà ń san. Àbúrò, rárá. Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń san án àti ẹni tó ń gbà á. Ìṣákọ́lẹ̀, àgbẹ̀ ló ń gbé e fún onílẹ̀, láti fi sọ pé «mo mọ̀ pé ìwọ lo ni ín». Ní Wirksworth, ìlú awakùsà kan ní Derbyshire, wọ́n ń fi àwo wọn òkúta náà (àwo idẹ ti 1513 tí wọ́n fi ń ṣe òṣùwọ̀n ṣì wà níbẹ̀), àwo kẹtàlá a sì jẹ́ ti ẹni tó ni ẹ̀tọ́ kùsà, bí ọba. Àgbẹ̀ tó ni pápá lè má rí nǹkan kan gbà, kò sì lè sọ pé òun ò fẹ́. Àyàfi inú ọgbà, ọgbà igi eléso, itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì àti ojú ọ̀nà, awakùsà lè gbẹ́ ibi tó bá ti rí òjé. Ẹ sọ ìyẹn fún onílẹ̀ kan nílé wa, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀! Ẹ jẹ́ ká kọ «ìdámẹ́tàlá». Ẹni tó bá ti gbọ́ ìdámẹ́wàá rí á mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

«Kónílé-ó-gbélé» tí ẹ̀gbọ́n fi túmọ̀ quarantine, bí abúlé náà ṣe ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ nítorí àrùn, náà kò bá a mu. Ìjọba kọ́ ló ti àwọn ará Eyam mọ́lé. Àlùfáà wọn, William Mompesson, àti Thomas Stanley tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ni wọ́n bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má kọjá ààlà abúlé. Wọ́n ṣì ń jáde lọ sóko, ìta gbangba ní Cucklet Delf ni wọ́n ti ń jọ́sìn. Wọ́n ń fi owó sínú ọtí kíkan ní ààlà kí ará ìta tó gbé oúnjẹ wá tó mú un. Ìlú ni wọ́n tì, kì í ṣe ilé. Àwa náà ní ibodè nígbà kan, a sì máa ń tì í. «Ìtibodè» ńkọ́?

Ó ku èyí tó le jù. Ẹ̀gbọ́n pe Elizabeth ní «ìyá àbíkú». Ẹ dákun, ẹ yọ ọ́ kúrò. Àbíkú ń lọ, ó ń bọ̀. Àwọn ọmọ yìí ò padà wá, àrùn ló kó wọn lọ tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn, òun nìkan ló so aṣọ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ tó wọ́ wọn lọ sínú pápá tó sì sin wọ́n. Ọgbà òkúta róbótó tí wọ́n fi yí ibojì wọn ká ṣì wà lójú koríko níbẹ̀, Riley Graves ni wọ́n ń pè é. Ọmọkùnrin kan ló kù tó ń kọ́ṣẹ́ ní Sheffield níbí, wọ́n ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló lọ nígbẹ̀yìn. «Opó» mú ọkọ nìkan. «Ọlọ́fọ̀» ni mo ní lọ́wọ́, kò sì tó. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá wa ń lò fún irú obìnrin bẹ́ẹ̀, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, torí ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ gbé iṣẹ́ náà lọ fún àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́.