Báwo ni a ṣe ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ìwé àṣẹ olùkọ́?

Ìbéèrè
Ẹ̀yin àgbà olùkọ́, mo kí yín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń tọ́ sọ́nà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ń yege nínú ìdánwò, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé iwájú kíláàsì, pátákó ni wọ́n máa ń kọjú sí títí aago yóò fi lù. Kí ni kí n ṣe kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ?

Èsì kìíní
Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ní Yunifásítì Stanford, ní 1963, Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kan kalẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́ ọmọ mélòó kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lórí ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo, bí i ìbéèrè bíbi; wọn yóò wo fídíò rẹ̀, wọn yóò sọ ibi tó kù sí, yóò sì tún un kọ́. Ẹ má ṣe fo àtúnkọ́ yẹn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìmọ̀ ti ń wọlé.

Èsì kejì
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Lee Shulman, onímọ̀ nípa ètò ẹ̀kọ́, tọ́ka sí i ní 1986 pé mímọ iṣẹ́ tí à ń kọ́ni nìkan kò tó, àfi kí olùkọ́ mọ bí a ṣe ń mú un yé ọmọ. Ẹni tó fẹ́ kọ́ni ní ìṣirò gbọ́dọ̀ mọ ìdí tí ọmọ fi ń rò pé 1/8 ju 1/4 lọ. Ẹ gbé ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí wọ́n ṣàlàyé ohun tó bí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Ta ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí fídíò náà?

Èsì kìíní
Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ni, lẹ́yìn náà olùkọ́ tó ni kíláàsì, kí ẹ̀yin tó sọ tiyín.