Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ "mal" tó túmọ̀ sí burúkú?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Ògbómọ̀ṣọ́ la wà, nítòsí Ọjà Jagun. Àbúrò mi obìnrin ń múra ìdánwò JAMB, èmi ni mo sì ń bá a yẹ ọ̀rọ̀ wò lálaalẹ́.

Àwọn tó fi "mal" bẹ̀rẹ̀ ló ń dààmú wa. Malnutrition ni àìjẹunrekánú, malfunction ni kí ẹ̀rọ má ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Malaria gan-an wà níbẹ̀: inú èdè Ítálì ló ti wá, "afẹ́fẹ́ burúkú", torí àwọn ará àtijọ́ rò pé òórùn irà ló ń fa ibà, kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀fọn ni. Èyí dùn mọ́ mi púpọ̀. Àbúrò mi fi báírò pupa kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé "mal" ni burúkú. Ṣùgbọ́n male ńkọ́? Mallet, òòlù onígi, ńkọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, àmì wo lẹ fi ń dá wọn mọ̀? Kí sì ni ìyàtọ̀ malicious sí malignant? Ẹnu àwọn dókítà tó ń sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni mo ti ń gbọ́ malignant. Ṣé èèyàn náà ṣeé pè bẹ́ẹ̀?