Ẹ gbà mí o: ọmọ juco méjì, àyè kan ṣoṣo

Àbúrò Kóòṣì, Oklahoma: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ọkàn mi ò balẹ̀ látàárọ̀. Ọ̀gá wa ní kí n mú orúkọ ọmọ oníbọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ (basketball) kan wá ní Jímọ̀, sikọ́láṣíìpù kan péré ló kù. Méjì ló wà nílẹ̀, juco, ìyẹn college ọlọ́dún méjì, làwọn méjèèjì wà. Ọ̀kan, guard ni, àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù, West Texas ló wà, ogún point kì í nira fún un lálẹ́ kan. Èkejì jẹ́ ọmọ wa láti ilé, 6'9", Iowa ló wà. Point rẹ̀ ò tó nǹkan, àmọ́ rebound, bọ́ọ̀lù tó ta padà lára apẹ̀rẹ̀, kì í bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Yunifásítì kékeré ni wá ní Division I, ìpele tó ga jù, a ò lówó àṣìṣe. Tí mo bá mú ẹni tí kò yẹ, èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé, físà mi sì wà lọ́wọ́ wọn. Ta ni kí n mú?

Bàbá Ìbejì, Houston: Àbúrò, jókòó, mu omi. Ogún point ní juco ò ṣe bàbàrà. Eré ni wọ́n ń sá níbẹ̀, ẹni tó ń ṣọ́ ẹnìkejì ò pọ̀. Bá mi wo free throw guard yẹn. Bí wọ́n bá ní ó ń ju three, bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn, dáadáa, tí free throw rẹ̀ ò sì ju mẹ́fà nínú mẹ́wàá lọ, má fọkàn tán three yẹn, ìwọ̀nba ló jù. Nídìí free throw, kò sẹ́ni tó ń tì ọ́, kò sẹ́ni tó ń bò ọ́ lójú, ọwọ́ rẹ nìkan ló kù. Rebound ò rí bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Ẹni tó ń lé bọ́ọ̀lù ní Iowa á lé e ní Oklahoma.

Ọmọ Mápó, Milwaukee: Kó o sì pa fọ́nrán oníṣẹ́jú mẹ́ta yẹn tì, àbúrò ọmọ náà ló gé e. Eré tí wọ́n ti nà wọ́n ní ànàbolẹ̀ ni kó o ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Nígbà tí mo ṣì ń bá wọn wá agbábọ́ọ̀lù, mo rí guard kan ní Hutchinson, ní Kansas, níbi ìdíje àpapọ̀ NJCAA, àjọ àwọn juco, tó ti wà níbẹ̀ láti 1949. Gbogbo kóòṣì ló ń ta kọ́ọ̀lù nítorí rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ jáde. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ na ọwọ́ sí i, kò bọ̀ ọ́. Ó kọjá lára gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó fi tówẹ̀lì borí. Mo pa ìwé mi dé. Ẹni tó jókòó tì mí ò rí nǹkan kan, scoreboard ló ń wò. Òun ló mú un. Kérésìmesì ò tíì kọjá tí ọmọ náà fi dẹrù rẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, Atlanta: Free throw, tówẹ̀lì. Transcript ńkọ́? Ọ́fíìsì registrar ni mo ti ń jẹun o. Kọ́kọ́ béèrè bóyá ọmọ náà jẹ́ qualifier láti high school, ìyẹn pé èsì rẹ̀ níbẹ̀ tó ohun tí Division I ń fẹ́. Bí kò bá jẹ́, àfi kó gba associate degree, ìwé ẹ̀rí juco, kó ní kírẹ́dìtì 48 tó ṣeé gbé wá, GPA 2.5, kí 6 jẹ́ English, 3 math, 3 sáyẹ́ǹsì. Àwọn kíláàsì badminton àti weightlifting tí wọ́n fi ń kún ìwé wọn yẹn, wọn ò ní ka ju 2 lọ nínú rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ mi. Ọmọ Òṣogbo kan ni mo mú nígbà yẹn. Associate degree wà, kírẹ́dìtì ju 60 lọ, GPA dáa. Mo ní ó tán. Oṣù kẹjọ ni compliance, àwọn tó ń ṣọ́ òfin ní yunifásítì wa, pè mí. Ọdún kẹta lọmọ ń wọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ ti parí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún degree tó fẹ́ kà. Engineering ló fẹ́ kà! Nínú gbogbo kírẹ́dìtì yẹn, èyí tí engineering gbà ò tó nǹkan. Kóòtù àti táì lọmọ wọ̀ jókòó sí bẹ́ǹṣì títí season fi parí. Ọ̀gá mi ò kí mi mọ́. Ilé ni mò ń tà ní Katy báyìí.

Ọmọ Mápó, Milwaukee: Ẹ̀bi yín ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò bá yí i sí ẹ̀ka mìíràn, kó máa gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ lọ.

Bàbá Ìbejì, Houston: Mo sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ̀ pè láti Òṣogbo, ó ní engineering ni, tàbí kó máa bọ̀ nílé wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù taya.

Mọ́mì Tolú, Dallas: Bàbá yẹn ló gbọ́n jù nínú gbogbo yín. Ẹ wọn gíga ọmọ, ẹ wọn apá rẹ̀, ẹ ò bi í ohun tó fẹ́ kà.

Ọmọ Mápó, Milwaukee: Mọ́mì, tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù, ta ni yóò san owó engineering náà?

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, Atlanta: Mi ò sí lẹ́yìn rẹ, Mápó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí ọmọ tí wọ́n tì sí ẹ̀ka tí kò nífẹ̀ẹ́ sí kí ìdá 40 ṣáà lè pé. Bàbá Ìbejì, ká ní ẹ pe registrar ní oṣù karùn-ún, kíláàsì summer ì bá gbà yín.

Bàbá Ìbejì, Houston: Oṣù karùn-ún wo? Oṣù keje ló fọwọ́ síwèé!

Ọmọ Mápó, Milwaukee: Ẹ ṣáà gbà pé ẹ ò béèrè.

Bàbá Ìbejì, Houston: Ìwọ tó ò ń wo tówẹ̀lì, ta lo mú rí tó di nǹkan?

Àbúrò Kóòṣì, Oklahoma: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun. Màá pe registrar láàárọ̀. Ọmọ ilé tó wà ní Iowa yìí ńkọ́? Irùngbọ̀n rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù díẹ̀.

Ìjẹ̀bú ní Wichita: Ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù ni àbí ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ mọ̀? Bi í ibi tó wà nígbà June 12. Tó bá rántí, sá!

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, Atlanta: 😂 Ọdún tó jáde secondary gan-an ni kó o bi í. Oore ọ̀fẹ́ ọdún kan ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, ń fún oníbọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ kó tó wọ college. Tó bá tún jókòó sílé tó ń gbá fún club lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á máa yọ season lára tiẹ̀. Má sì gbójú lé ẹjọ́ Diego Pavia, ọmọ American football tó ní kí NCAA má ka ọdún juco òun, tí wọ́n ń pariwo láti December 2024. Waiver, ìyọ̀ǹda, tí NCAA ṣe tẹ̀lé e, 2025-26 ló wà fún. F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, tún wà níbẹ̀: má fẹnu lásán ṣèlérí owó NIL, owó tí wọ́n ń san lórí orúkọ àti àwòrán ọmọ, fún un, iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn.

Mọ́mì Tolú, Dallas: Mú ọmọ ilé jàre.

Bàbá Ìbejì, Houston: Mọ́mì, ẹ ò tíì rí i tó gbá bọ́ọ̀lù!

Mọ́mì Tolú, Dallas: Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí ti Òṣogbo ṣe dáadáa ni?

Ọmọ Mápó, Milwaukee: Texas ò mọ ohun tó wà nílé rẹ̀. Jimmy Butler tó di ìràwọ̀ NBA wà lọ́dọ̀ yín ní Tyler Junior College, Yunifásítì Marquette níbí ló rí i. Jae Crowder gba ife NJCAA pẹ̀lú Howard College ní Big Spring lọ́dún 2010, àwa náà la kó o. Nígbà tó di 2012, òun ni agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Big East, líìgì tí Marquette wà.

Bàbá Ìbejì, Houston: Kóòṣì wo ló wá kó wọn? Buzz Williams. Ọmọ ibo ni? Texas! Ẹ yá ojú wa lò ni. Juco San Jacinto níbí ni Sam Cassell àti Steve Francis ti gbá kí wọ́n tó dé NBA. Ká tiẹ̀ má sọ ti Ọlájùwọ́n tó gba ife NBA fún Houston, 1994 àti 1995.

Ọmọ Mápó, Milwaukee: Giannis Adétòkunbọ̀ gba tiwa ní Milwaukee, 2021. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bí bàbá rẹ̀ ṣe ń pè é.

Ìjẹ̀bú ní Wichita: Ẹ jẹ́ ká sinmi. Ta ló rántí Rowe Park ní Yábà? Tí oòrùn bá rọ̀ díẹ̀, tí àwọn ọmọ á ti tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù, tí ẹni tó pàdánù á ní òun ò ní jáde.

Bàbá Ìbejì, Houston: Tí wọ́n á sì jiyàn point títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àárọ̀ ibẹ̀ ń sọ mí. Gym tí mò ń lọ níbí, gbogbo wọn fi headphone sétí, kò sẹ́ni tó ń kí ẹnì kan.

Ìjẹ̀bú ní Wichita: Ẹni tó bá ń gba I-35 bọ̀ láti Dallas lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bá mi gbé ẹlùbọ́ dání. Màá san owó epo.

Mọ́mì Tolú, Dallas: Ẹlùbọ́ ti tán. Láfún ló kù. Ṣé Ìjẹ̀bú ń jẹ láfún?

Ìjẹ̀bú ní Wichita: Ní Kansas? Mọ́mì, ẹ gbé e wá.