Ẹ gbà mí o, aró ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́, wọ́n ní mo ti ya wèrè

Akọ̀wé Aláró: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́. Ó ti sú mi. Dádì mi kì í dáhùn mọ́ bí mo bá kí wọn. Mọ́mì ní kí ló pa ọmọkùnrin tó jáde yunifásítì pọ̀ mọ́ aró, iṣẹ́ obìnrin. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bẹẹrẹ, àbúrò dádì mi pè mí ní "Ìyá Aláró" lójú gbogbo èrò, wọ́n rẹ́rìn-ín títí jọ́lọ́ọ̀fù fi tutù. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá fi ìyẹ́ adìẹ ti ẹ̀kọ bọ̀, tí mo ya òpó gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn sórí aṣọ báyìí, ọkàn mi a balẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Àmọ́ aró mi ń ṣí. Oníbàárà mẹ́ta ti dá aṣọ padà. Ṣé kí n máa bá a lọ?

Ìyá Elú: Elú lẹ ń lò ni àbí aró ìgbàlódé? Irú aṣọ wo? Ẹ ò sọ ìkankan, jọ́lọ́ọ̀fù lẹ rí sọ.

Bọ̀dá Gbági: Ẹ fa fọ́nrán kan yọ lára aṣọ náà, ẹ ṣáná sí i. Bó bá rùn bí ìwé tó jó, tí eérú rẹ̀ kúnná, òwú ni. Bó bá yọ́, tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ dúdú, pọliẹ́sítà ti wọ̀ ọ́, aró kò ní mú un dáadáa. Òwú gidi náà, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú kí sítáàṣì ilé iṣẹ́ kúrò lára rẹ̀.

Akọ̀wé Aláró: Òwú ni. Aró oníyẹ̀fun ni. Ṣíbí aró kan, kọ́sítíìkì (sódà líle) kan, háídírọ́ọ̀sì (kẹ́míkà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń pò mọ́ aró) kan ni wọ́n kọ́ mi.

Ìyá Elú: Háídírọ́ọ̀sì ti kéré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti méjì. Òun àti kọ́sítíìkì ló ń mú aró yọ́ wọnú òwú. Bí wọn ò bá tó, ojú aṣọ ni aró á jókòó sí, omi ìfọṣọ á sì gbé e lọ.

Ọmọ Òkè-Àdó: Ìyá, ẹ má fi ṣíbí ṣòfin. Háídírọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣí sílẹ̀ lọ́jà, tí atẹ́gùn ti fẹ́ sí, ti kú. Àwọ̀ omi ni kó wò. Bí aró búlúù tó jẹ́ irú elú bá ṣì jẹ́ búlúù nínú omi, kò tíì jinná. Ó yẹ kó dà bí ewé tó fẹ́ pọ́n, ìgbà tí aṣọ bá jáde sí atẹ́gùn ni yóò tó di búlúù. Omi gbígbóná ni kó fi po ó, kó wá tú u sínú omi tútù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ tó fi ya òpó Mápó, tí kì í jẹ́ kí aró dé ibẹ̀, á yọ́ dànù.

Ìyá Elú: Ta ló ṣòfin? BẸ̀RẸ̀ ni mo ní. Bí háídírọ́ọ̀sì bá pọ̀ jù náà, á bó àwọ̀ kúrò.

Bọ̀dá Gbági: Inú kí lẹ ń po ó sí gan-an?

Akọ̀wé Aláró: Ìkòkò alumíníọ́mù tí mọ́mì fi ń se ìrẹsì òde. Ìyẹn náà wà lára ìbínú wọn, ìdí rẹ̀ ti lu.

Ìyá Elú: Yéè! Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ́mù! Èyí tó yẹ kó bá aró ṣiṣẹ́, ìkòkò ló ń bá jà, ó sì ń yọ gáàsì tí iná lè ràn. Ike tó nípọn tàbí tánganran tí kò bó ni kẹ́ ẹ lò. Omi ni kó kọ́kọ́ wà nílẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra bu kọ́sítíìkì sí i. Ẹ má da omi lé kọ́sítíìkì lórí láé, á ta sójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà.

Akọ̀wé Aláró: Mo gbọ́. Owó ló kù. Ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, dádì ni onídùúró. Ó ku oṣù mẹ́rìnlá tí wọ́n á fi yọ ọ́ tán nínú owó oṣù mi.

Bọ̀dá Gbági: Háà! Ẹ wá ń pe èyí ní ọ̀rọ̀ aró? Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kọ̀wé, ọrùn dádì ni gbèsè á bọ́ sí. Ẹ máa re aṣọ ní Sátidé títí ẹ ó fi san án tán.

Akọ̀wé Aláró: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi ti dádì sílẹ̀ ná. Nínú ike àti tánganran, èwo ló sàn?

Ìyá Elú: Ike. Kẹ́ ẹ sì ra ìkòkò mọ́mì padà.